Bàbá Tí Bàbá Àgbà Mi Dá Padà

Níbi ìsìnkú Bàbá Àgbà mi, àwọn ènìyàn ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ pé ènìyàn dáadáa ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti gbé sínú pósí ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo ní ó dàárìnnàkò, mo jókòó. Láti ọjọ́ náà ni ohun tí n kò sọ ti ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú mi. Mo wá jókòó báyìí láti kọ ọ́. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. N kò mọ ìdajì rẹ̀. Ọkùnrin tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ kọ, bó ṣe máa ń ṣe, ohun tó máa ń sọ, àwọn tó bá jà, àti ohun kan ṣoṣo tó ṣe tí n kò rò pé èmi lè ṣe.

Akínwándé ni orúkọ rẹ̀, Àjàní ni oríkì rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wa lọ́rì ẹrù láti Dagenham Dock, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Gbogbo ọdún tó lò ní ìlú òyìnbó kò lè yọ Ẹ̀gbá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Níbi tí àwa bá ti ń sọ pé "wọ́n", "án" ni òun máa ń sọ. Ilé rẹ̀ wà ní Becontree Heath, ní Dagenham, lójú ọ̀nà ilé tèmi. Bàtà ni mo ń tà ní ilé ìtajà Vicarage Field, ìdúró ni mo sì máa ń wà látàárọ̀. Tí mo bá ti ṣíwọ́, màá yà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó lọ sílé. Ọdún tí Màmá Àgbà kú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé mo fẹ́ lọ wo bí bàbá náà ṣe ń jẹun, ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé ilé rẹ̀ nìkan ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti béèrè pé kí n túraká. Òun á wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, èmi á bọ́ bàtà, màá na ẹsẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Tíì rẹ̀ á ti tutù nínú ife. Tí mo bá béèrè bó ṣe wà, kò ní parọ́ fún mi. Á ní, "Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀."

N kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé kí wọ́n tó bí i ni. Oyún rẹ̀ wà nínú ìyá rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀, Bánkọ́lé, káfíńtà ní Ìtọ́kò, fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó lọ wọ iṣẹ́ sọ́jà, tí wọ́n sì kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ogun Bọ́mà. Ọmọ kan ṣoṣo ló ti bí ṣáájú, obìnrin, òun ni gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìtọ́kò. Ó ṣì wà láàyè ní Abẹ́òkúta di òní. Màmá Ìtọ́kò sọ pé ẹ̀yìn ọrùn bàbá àwọn nìkan ni òun rántí, nítorí pé ó gbé òun kọ́ ọrùn lọ́jọ́ tó ń lọ. Ojú rẹ̀ kò sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Ogun parí, àwọn sọ́jà ń padà bọ̀. Òmíràn dé pẹ̀lú apá kan, òmíràn dé pẹ̀lú ẹ̀rọ gírámafóònù lórí. Bánkọ́lé kò dé. Kò sí ẹni tó wá sọ pé ó kú, kò sì sí ẹni tó wá sọ pé òun rí i. Ìyá wọn kò lè pe ara rẹ̀ ní opó, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun ní ọkọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n ní kí àbúrò ọkọ ṣú u lópó, kí àwọn ọmọ lè ní bàbá nínú ilé. Ó dá wọn lóhùn ní gbólóhùn kan, Bàbá Àgbà sì máa ń sọ gbólóhùn náà bí ẹni pé òun wà níbẹ̀: "Ẹ kò tíì fi òkú hàn mí."

Bí wọ́n ṣe dàgbà nìyẹn, nínú ilé tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀. Ìyá náà kú, kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ọmọ méjèèjì darúgbó, wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí Màmá Àgbà kú, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù fún Bàbá Àgbà. Ẹnì kan ní ìjọ Aládùúrà wa ló sọ fún un pé àwọn kan máa ń pàdé ní láíbìrì kan ní Barking, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan lórí ìwé àwọn sọ́jà àtijọ́. Wọn kì í gba owó, kò sì sí ẹni tó ń san owó fún wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò le láti ṣàlàyé. Nígbà ogun, àwọn ọ̀gá ológun ka àwọn sọ́jà wọn, wọ́n kọ ojú ìwé kan tàbí méjì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ìlú, iṣẹ́ ọwọ́, bó ṣe ga tó, irú ilà tó wà lójú rẹ̀. Wọ́n ti ya fọ́tò àwọn ìwé náà. Àwọn ará láíbìrì yìí á máa wo fọ́tò, wọ́n á máa tẹ ohun tó wà níbẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá ń wá bàbá tàbí bàbá bàbá rẹ̀ lè tẹ orúkọ kí ó sì rí i.

Bàbá Àgbà lọ síbẹ̀ nítorí ẹnì kan. Ó wá bá ogunlọ́gọ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé akọ̀wé ológun ayé ìgbà náà kò ní sùúrù fún orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni. Ìlú ni wọ́n fi ń ṣe é. Láwàní tó bá ti Ìbàdàn wá, Láwàní Ìbàdàn ni. Mósè tó bá ti Ọ̀yọ́ wá, Mósè Ọ̀yọ́ ni. Bàbá rẹ̀ sì ti di Bánkọ́lé Abẹ́òkúta, lọ́nà kan náà pẹ̀lú gbogbo Bánkọ́lé tó jáde láti Abẹ́òkúta lọ́dún yẹn.

Ìka kan ló fi ń tẹ kọ̀ǹpútà. Wọ́n yá a ní ọ̀kan gbé wá sílé nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, bí èmi náà ṣe wá ń rí i nìyẹn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Á fi awò mú ojú ìwé náà sún mọ́ra, á wò ó, á pe orúkọ ibẹ̀ sókè pẹ̀lú ohùn tó yẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ni á tó tẹ̀ ẹ́. Sàlámì Ìsẹ́yìn. Dáúdà Ṣakí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ tó ń pe ọmọ ilé ìwé ní òwúrọ̀. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é dáadáa."

Ẹni tó ń darí iṣẹ́ náà ni òyìnbó obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Pauline ni orúkọ rẹ̀. Ojú ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni bàbá bàbá tiẹ̀ kú sí, wọn kò sì mọ sàréè rẹ̀. Ènìyàn á rò pé òun àti Bàbá Àgbà á mọwọ́ ara wọn kíá. Rárá o. Wọ́n jà. Òfin Pauline ni pé kí oníkálukú kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí gan-an, bí akọ̀wé àtijọ́ ṣe kọ ọ́, ìbáà jẹ́ aṣìkọ. Ẹni tó bá ní èrò, àyè wà fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti kọ èrò rẹ̀ sí. Bàbá Àgbà kò gbà. Ó ní òyìnbó ti ba orúkọ àwọn ènìyàn òun jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, òun kò ní fi ọwọ́ ara òun bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún orúkọ ṣe. Pauline ń dá a padà. Ọjọ́ kan bàbá náà gbé kọ̀ǹpútà wọn lọ fún wọn, ó wá sílé, ó jókòó, kò lọ mọ́.

Ohun tó mú un padà lọ kò dùn mọ́ ọn. Ó ti rí sọ́jà kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní Lámínà. Lójú tiẹ̀, kò sí ohun tó ń jẹ́ Lámínà, Lámídì ni akọ̀wé fẹ́ kọ. Ó sì kọ Lámídì. Ó ṣe díẹ̀, obìnrin kan kọ̀wé sí láíbìrì láti Èkó pé ilé Lámínà ni àwọn, àwọn ti ń wá bàbá àwọn láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn kò rí i. Bàbá Àgbà ni ó fi bàbá wọn pamọ́ fún wọn. Pauline kò sọ pé, "Ṣé o rí i, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ." Ó kàn pè é, ó kà á fún un. Bàbá Àgbà kò jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n bá òun se mọ́ínmọ́ín, ó gbé e lọ fún Pauline, ó sì sọ fún un lójú gbogbo wọn pé òun jẹ̀bi. Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ kó jẹ́ ni mo kọ. Mi ò kọ ohun tí mo rí."

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè gbé wá síwájú rẹ̀ tí kò ní fi èyí dá a lóhùn. Bàbá mi, Délé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lè wá sọ pé òrùlé tó ń jò náà kò burú jù, ó lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá Àgbà á wo òkè àjà, á wo ike tó wà nílẹ̀, á ní kí ó kọ ohun tó rí. Mo ń fẹ́ ọkùnrin kan nígbà náà tó ti ń ṣèlérí pé òun á wá rí àwọn òbí mi. Kérésìmesì ni, Àjíǹde ni, lẹ́yìn ìsinmi ni. Mo ń ṣàlàyé fún Bàbá Àgbà pé ó máa yí padà, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó tún fìlà rẹ̀ dé. "Ọmọ mi, kọ ohun tí o rí." N kò fẹ́ ọkùnrin náà mọ́ nígbà tí ọdún fi parí.

Èmi kò bá a jà rí, ṣùgbọ́n bàbá mi a máa bá a jà. Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí, ó sì máa ń rí i pé bàbá òun ń fi ojú tó kù fún un wá ẹni tó ti jẹrà tán. Ọjọ́ kan ó ní, "Daddy, you never even met the man. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo retí pé Bàbá Àgbà á bínú. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni, bí ẹni tí kò ní agbára ìbínú mọ́. "Ìwọ mọ bàbá tìẹ. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rí oorun sùn."

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo yà wọlé, mo bá a tó ṣí fìlà, tó fi sórí itan. Kò kí mi. Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. Mo tẹ̀ síwájú, mo kà á. Bánkọ́lé Abẹ́òkúta. Káfíńtà. Ènìyàn gíga. Ilà abàjà lójú. Ó wọ iṣẹ́ sọ́jà ní Abẹ́òkúta. Nísàlẹ̀, pẹ̀lú yíǹkì mìíràn, wọ́n kọ ọ́ pé àìsàn pa á ní ilé ìwòsàn ológun ní Íńdíà, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí, pẹ̀lú nọ́ńbà sàréè rẹ̀. Bàbá Àgbà ní kí n pe Màmá Ìtọ́kò fún òun.

Ó sọ ọ́ fún un tán, ariwo àwọn adìẹ àgbàlá wọn ń wọlé lórí fóònù. Màmá Ìtọ́kò wá béèrè pé, "Ṣé án sin ín?"

"Án sin ín, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé sàréè tirẹ̀ ni, àbí án dà wọ́n pọ̀?"

"Tirẹ̀ ni. Nọ́ńbà wà lórí ẹ̀."

Ó ní, "O ṣeun o. Mo lè jókòó wàyí." Arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni o, n kò sì rí i rí tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́. Mo mọ ohun tó ń sọ.

Inú gbogbo ènìyàn dùn. Olùṣọ́-àgùntàn ìjọ wa fi ọjọ́ ìdúpẹ́ sí i, ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìkórè. Bàbá mi gan-an, tó ti ń bá a jà, mú ojú ìwé náà lọ tẹ̀ jáde, ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ pálọ̀ rẹ̀, àlejò tó bá wọlé á ní kí ó wá wo bàbá bàbá òun. Ní Abẹ́òkúta, Màmá Ìtọ́kò ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí, wọ́n ṣe àdúrà òkú fún ẹni tó ti kú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó dé ayé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n pe ìyá wọn tó ti kú ní opó.

Ọ̀sẹ̀ ìdúpẹ́ gan-an ni Pauline pe Bàbá Àgbà. Ó ní kí ó wá, kí ó má dá wá. Mo bá a lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú púpọ̀, a rọra ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ènìyàn ń dúró dè wá. Pauline ti fa aṣọ fèrèsé, ó ti gbé àga sílẹ̀ fún un. Ó ṣàlàyé pé fọ́tò àwọn ìwé náà kì í dé pọ̀. Ojú ìwé kejì Bánkọ́lé Abẹ́òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ó ní òun kò tíì tẹ ohunkóhun níbẹ̀, òun fẹ́ kí ó jẹ́ pé Bàbá Àgbà ni yóò kọ́kọ́ rí i. Ojú ìwé kejì ni wọ́n máa ń kọ àwọn ẹbí sí. Ìyá sọ́jà náà: Asímáwù. Ìyàwó: Móríámọ̀. Ọmọ: obìnrin kan, Wúlèmótù.

Ìyá Bánkọ́lé tiwa, ìyá bàbá Bàbá Àgbà, Ẹfúnyẹmí ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Kò sí Asímáwù ní ilé wa.

Bàbá Àgbà kà á, ó tún un kà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Pauline. A wọ bọ́ọ̀sì padà sí Becontree Heath. Bàbá mi ti wà nílé tó ń dúró dè wá nítorí ètò ìdúpẹ́. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó jókòó. Ó ní àwọn ọkùnrin ìgbà náà kì í fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo, bóyá Móríámọ̀ jẹ́ ìyàwó tí ìyá wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Bàbá Àgbà ní, "Ọkùnrin lè fẹ́ ìyàwó méjì, ó lè fẹ́ mẹ́ta. Ta ló ní ìyá méjì?"

Bàbá mi yí ọ̀rọ̀ sí ẹ̀bẹ̀. Ó ní Màmá Ìtọ́kò ti darúgbó, oorun tí kò sùn láti kékeré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sùn yìí. Ta ni yóò pa lára tí ó bá kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ yìí? Ta ni yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò? Òun nìkan kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn náà pè lọ́jọ́ kejì, ó ní ìdúpẹ́ ni ìdúpẹ́, Ọlọ́run mọ ẹni tí àwọn ní lọ́kàn. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni ọkàn èmi náà wà. Gbogbo wa ló ti rẹ̀. A fẹ́ kí ó parí.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán tó ti wú rìn dé iwájú pẹpẹ, ó di ìjókòó àkọ́kọ́ mú. Kò sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní Bánkọ́lé Abẹ́òkúta tí àwọn kó ara jọ nítorí rẹ̀ ní ìyá mìíràn àti ọmọ mìíràn. "Ẹ bá mi dúpẹ́ fún bàbá ẹlòmíràn. Tèmi ṣì wà lọ́nà." Akọrin kò mọ orin tí wọ́n fẹ́ dá. Bàbá mi lọ mú un, wọ́n jọ padà sí àyè wọn, ó di apá rẹ̀ mú títí ìsìn fi parí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló yọ férémù kúrò lára ògiri pálọ̀ rẹ̀.

Ó ku Màmá Ìtọ́kò. Ìyẹn ló le jù. Èmi ni mo tún bá a pe nọ́ńbà náà, mo sì gbé fóònù dúró fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Màmá Ìtọ́kò gbọ́ ọ parí.

"Àjàní, ò bá ti purọ́ fún mi."

"Ó wù mí bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló wá dé tí o ò purọ́?"

"Ọmọbìnrin kan wà níbì kan tó ń dúró, bíi tiyín. Tí mo bá mú bàbá rẹ̀, kò ní rí i mọ́."

Màmá Ìtọ́kò pa fóònù. Kò sì bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. A ń pè, àwọn ọmọ rẹ̀ á ní ó ń sùn, ó ń wẹ̀, ó ti jáde. Obìnrin tí kì í jáde.

Àsìkò yẹn ni ara Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Kò lọ sí láíbìrì mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní kí Pauline fi ojú ìwé kejì náà sílẹ̀ fún òun, ó sì fi ìka rẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ tán. Ó pe Asímáwù. Ó pe Móríámọ̀. Ó pe Wúlèmótù. Nígbà tó ṣe tán, ó ní kí bàbá mi gba ohùn òun sórí fóònù. Ó sọ pé ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta tó bá mọ Wúlèmótù, ọmọ Bánkọ́lé káfíńtà tó lọ sí ogun Bọ́mà, ọmọ ọmọ Asímáwù, kí ó sọ fún un pé wọ́n ti rí bàbá rẹ̀. Bàbá mi fi ránṣẹ́ sí gbogbo ará Abẹ́òkúta tó mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń tún un fi ránṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Mo sọ fún Bàbá Àgbà pé bóyá obìnrin náà ti kú. Ó ní, "Ó lè jẹ́. Ṣùgbọ́n a ò tíì rí i kà."

Kò rí bàbá tirẹ̀ títí ó fi kú. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa máa retí rẹ̀. Èmi náà máa ń jókòó ti iṣẹ́ náà nígbà mìíràn lẹ́yìn tí mo bá ti ṣíwọ́, tí ojú mi bá gbà á. Bánkọ́lé Abẹ́òkúta mìíràn ti yọjú. Kì í ṣe òun.

Ṣùgbọ́n kí ó tó kú, ohùn tó fi ránṣẹ́ ti ń rìn lórí fóònù àwọn ènìyàn lọ́nà tí a kò mọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ Màmá Ìtọ́kò kan, ọmọ náà sì tẹ̀ ẹ́ létí ìyá àgbà rẹ̀. Ìyá àgbà ní kí ó tún un tẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ bàtà, ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé òun lọ sí àdúgbò Adàtán, òun ti gbọ́ rí pé àwọn ọmọ sọ́jà kan wà níbẹ̀ tí bàbá wọn kò dé. Wọn kò rí ẹni náà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n tún lọ. Ilé dé ilé ni arúgbó náà ń béèrè, ó ń di ọmọ ọmọ rẹ̀ léjìká mú, títí wọ́n fi fi ilé kan hàn án, níbi tí Àlàájà kan tó ti fi iṣẹ́ aṣọ rírán tọ́ ọmọ dàgbà ti ń gbé. Wúlèmótù ni.

A kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo èyí ní Dagenham. Mo wà nídìí omi tí mo ń fọ abọ́, Bàbá Àgbà wà lórí àga, fóònù rẹ̀ dún. Mo gbé e fún un, mo rí orúkọ tó wà lójú rẹ̀, mo sì tẹ ibi tí èmi náà á ti máa gbọ́. Wọn kò kí ara wọn. Màmá Ìtọ́kò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun ṣe wá ilé náà, bí òun ṣe jókòó tì í, bí òun ṣe sọ ibi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí fún un àti nọ́ńbà orí sàréè. Ó ní obìnrin náà kò gbà á gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní nígbà tí òun pe orúkọ Asímáwù ló di òun mú.

Bàbá Àgbà béèrè pé kí ló wá ṣe.

"Ó sunkún bàbá rẹ̀, Àjàní. Mo bá a sun ún. Nígbà tó yá, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ tèmi."